Ìbọn Tí Mo Gé Kúrú àti Ohùn Níran

Ẹ̀yin ará Òkèrúrù, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé ìsìn wa lánàá lẹ́yìn ìdúpẹ́ ìkórè, ẹ tún fún mi ní etí yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí mo fi ẹnu sọ lánàá ni mo ń fi ọwọ́ kọ ní òwúrọ̀ yìí, nítorí pé àwọn kan ti dìde lọ kí n tó parí, àwọn mìíràn sì ń sunkún débi pé wọn kò gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Sílà Ọdẹ́jídé, ọdẹ ọmọ ọdẹ. Èmi ni mo pàdé iwin olórí mẹ́rin lójú ọ̀nà odò, tí mo kí i pé ẹ káàárọ̀, tí orí kan dá mi lóhùn, tí àwọn mẹ́ta yòókù sì bínú pé n kò kí àwọn. Èmi ni mo wọ Igbó Ìmí tí mo tún jáde níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo eyín mi lẹ́nu. Ta ni ó tún ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí?

Ẹ rí i bí ẹnu mi ti ń sáré lọ síbi ìgbéraga? Ó ti mọ́ ọn lára. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń sọ ìtàn Igbó Ìmí báyìí, tí ọmọdé ń hó yèè, tí àgbà ń rẹ́rìn-ín, n kò sì sọ òótọ́ rẹ̀ rí. Ojú ń tì mí. Ojú ń tì mí níwájú yín, ó sì ń tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ níwájú Ọlọ́run tí mo ń kúnlẹ̀ fún ní Ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú irọ́ náà nínú àpò mi.

Ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ Ọdẹ Onígbàgbọ́ fẹ́ fi mí jẹ Balógun. Akọ̀wé wa, Láṣebìkan, dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn Igbó Ìmí fún wa kí a tó gbàdúrà lé yín lórí."

Ìyá oníṣu kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ má gbàgbé ọba elétí kókò o!"

Ẹlòmíràn ní, "Àti bí ẹ ṣe gba àna yín lẹ́nu ẹranko tí ó fọ́ ọ ní ọ̀fun!"

Ní ọwọ́ iwájú, Ọdẹ́níran, àbúrò ìyàwó mi tí a ń pè ní Níran, jókòó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ ọ́n sí bàbá odi tí ń tún àga ilé ìsìn ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ó ti máa ń ṣe nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ sọ ìtàn náà. Mo dìde, mo la ẹnu. Mo rí ẹ̀rín yẹn. Irọ́ náà sì kọ̀, kò jáde. Òótọ́ ni ó jáde, bí mo sì ti sọ ọ́ nìyí.

Bàbá mi ni ó fi ìbọn náà sílẹ̀ fún mi. Kì í ṣe irú ṣakabùlà tí a ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu, tí ọdẹ yóò yìn lẹ́ẹ̀kan, tí yóò tún jókòó máa kì í nígbà tí ẹran ti dé ìlú kejì. Ìbọn iwin ni. Ìyá arúgbó kan tí ń rọ irin nínú Igbó Ìmí ni ó rọ ọ́ fún bàbá mi. Ó ga tó ènìyàn. Bí o bá yìn ín, èémí gbígbóná tí ó ti ọta jáde yóò gba ihò kékeré kan ní ọ̀fun rẹ̀ padà, yóò sì ti ahọ́n irin kan tí ó wà nínú rẹ̀. Ahọ́n náà yóò sáré lọ sẹ́yìn títí yóò fi kan tìmùtìmù kan tí sípíríǹgì wà nídìí rẹ̀. Sípíríǹgì yóò dá a padà síwájú, bí ó sì ti ń bọ̀ ni yóò gbé ọta mìíràn sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí ọta yóò fi tán. Abọ́rarẹ̀ ni bàbá mi ń pè é, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tí bàbá mi ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú. "Sílà, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bu ìwọ̀n ìka kan kúrò lára rẹ̀. Bí ó ti gùn tó ni èémí rẹ̀ gùn tó."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá."

N kò gbọ́ nǹkan kan. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ tí ìjòyè ìjọba kan fi gba ìlú wa kọjá, ọlọ́pàá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó gbé ìbọn kúkúrú kan kọ́ àyà. Àwọn obìnrin ń wò ó. Ẹ má bi mí ní àwọn obìnrin wo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ráhùn pé ìbọn bàbá mi ń kọ́ ìtàkùn nínú igbó. Òótọ́ ni, ó ń kọ́ ìtàkùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ìtàkùn ni mo fi gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ.

Alágbẹ̀dẹ náà wò ó títí. "Ọdẹ, ṣé ó dá yín lójú? Bí mo bá gé e, n kò lè so ó padà o."

"Ṣé ìwọ ni o ni ín ni? Gé e!"

Ó gé e. Ìdajì ọ̀pá ìbọn náà bọ́ sílẹ̀, ó sì dún bí ẹni tí ń mí kanlẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo fi ìbọn náà pamọ́ sábẹ́ agbádá lọ sí ilé ìsìn, Ọlọ́run dárí jì mí, kí n lè ṣí agbádá náà níta kí àwọn ènìyàn pariwo. Wọ́n sì pariwo. Níran nìkan ni kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kúrú jù. Ó dàbí ẹni tí wọ́n gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Níran ìgbà náà, nítorí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀ ọ́n. Ohùn rẹ̀ ni ó ń ṣáájú orin ní ilé ìsìn wa. Bí ó bá gbé orin sókè, àwọn ìyá àgbà a gbàgbé ẹ̀yìn tí ń ro wọ́n. Kì í fò ẹsẹ orin kankan. Bí olùkọ́ ìjọ bá ń ṣẹ́jú sí i pé ó tó, ebi ń pa wá, Níran yóò di ojú, yóò sì kọ ọ́ dé Àmín. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dọ́kásì, ni ìyàwó mi, ó sì wà nínú oyún àkọ́kọ́ wa.

Láti ìgbà tí mo ti gé Abọ́rarẹ̀ ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Èémí tí ó yẹ kí ó rìn jìnnà kí ó tó padà kò rí ibi rìn mọ́, gbígbóná ni ó ń bọ̀, ó sì ń gbá ahọ́n irin náà bí ẹni gbá ìlẹ̀kùn. Ahọ́n yóò fò lọ, yóò fò bọ̀ kí ọta tó dìde, yóò sì pa ẹnu dé mọ́ òfo tàbí mọ́ ìdajì. Tó! Tó! Kẹ́. Méjì yóò lọ, ẹ̀kẹta yóò há. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, èmi yóò ní ẹ̀tù ni kò dára.

Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni mo gbé wọ Igbó Ìmí pẹ̀lú àna mi.

Igbó náà ń mí. Gbogbo ewé rẹ̀ ń fà wọlé pọ̀, wọ́n sì ń tú jáde pọ̀, bí àyà ẹni tí ń sùn. A rìn títí a fi dé ẹnu odi ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àṣeparí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí ìlú, ṣùgbọ́n n kò rí irú rẹ̀ rí. Ohunkóhun tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọn yóò parí rẹ̀. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa. Ó kí wa kú ìrìn, ó kí ilé wa, ó kí ewúrẹ́ wa, ó kí àwọn ọmọ wa, ó kí àwọn tí a kò tíì bí. A dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Obìnrin kan ń fọ ìkòkò nítòsí ibẹ̀, ó ní ìyá ìyá òun ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí a dúró sí ni ẹfọ̀n kan ti já jáde, ó kọ orí sí wa. Mo gbé ìbọn. Tó! Tó! Kẹ́.

Ẹfọ̀n náà sá wọ igbó. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú náà figbe ta, "Yéè! Ó dá a dúró lágbedeméjì!" Wọ́n di etí mú bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná sí nínú. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé wa dé iwájú ọba wọn.

Etí ọba náà tóbi bí ewé kókò lóòótọ́, n kò purọ́ ní ti ìyẹn. Ó gbọ́ bí ọkàn mi ti ń lù. Ó na ọ̀pá sí ìbọn náà, ó sì bèèrè wẹ́rẹ́ pé, "Ta ni ó ni ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ tí kò parí yìí?"

Ìbọn náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ọwọ́ mi ni ó wà.

Mo ní, "Kábíyèsí, mo kàn ń bá a gbé e ni. Àna mi yìí ni ó ni ín."

Níran yí ojú sí mi. Mo mọ ohun tí ó ń rò, nítorí pé òun ni ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún mi kí n tó lọ: "Ẹ̀gbọ́n mi lóyún." Ó kọjú sí ọba. "Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Èmi ni mo ni ín."

Nígbà tí mo sọ ibẹ̀ lánàá, ṣé ẹ rántí pé ibẹ̀ ni àwọn kan ti dìde lọ?

Ọba ní kí Níran jókòó sọ́dọ̀ wọn bí ohun ìdógò. Ó wá wí fún mi pé, "Ìwọ tí o ń bá a gbé e, gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó rọ ọ́. Mo fún ọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí o bá padà dé, ìbọn náà yóò dún lẹ́ẹ̀méje láìdúró. Bí ó bá há, n ó gba ohun kan tí kò dúró lágbedeméjì rí lára ẹni tí ó ni ín. Bí ó bá há lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin yìí di tiwa títí ayé."

Mo lọ. Bí mo ti ń lọ ni Níran bẹ̀rẹ̀ orin ìyìn kan nínú àgbàlá wọn, àwọn ará Àṣeparí sì jókòó yí i ká. Ẹnu yà wọ́n sí ẹni tí ń kọ gbogbo ẹsẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, mo pàdé ẹ̀dá kan tí kò ní ẹ̀yìn lójú ọ̀nà. Iwájú nìkan ni ó ní, pelebe bí pákó. Bí ó bá sín, yóò fò sẹ́yìn títí yóò fi gbá igi, yóò sì ta padà wá ṣubú lé ojú ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó ní, "Ọdẹ, kí ni ó gbọ́dọ̀ sáré lọ sẹ́yìn kí ó tó lè lọ síwájú?"

Mo ní, "Ìyẹn le? Ẹni tí ó fẹ́ fo kòtò ni."

"Kì í ṣe òun."

"Àgbò tí ó fẹ́ kàn ni."

"Kì í ṣe òun náà. O gbé e kọ́ èjìká, o kò mọ̀ ọ́n!" Ó tún sín, igi gbà á, ó padà wá. "Àìsàn tí ń ṣe mí ni ó ń ṣe é. Èmi àti òun, a kò ní ohun tí ó wúwo lẹ́yìn wa tí yóò gbà wá ní pẹ̀lẹ́. Máa rẹ́rìn-ín lọ." Mo sì ń rẹ́rìn-ín lọ lóòótọ́, èmi òmùgọ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún ni mo dé àgbẹ̀dẹ Ìyá Ẹwìrì, arúgbó tí ó rọ ìbọn náà fún bàbá mi. Ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni àyà rẹ̀, awọ méjì tí ń gbé sókè tí ń rọ̀ sílẹ̀, tí ó bá sì mí, iná yóò ràn. Ó gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Ó fi ọwọ́ pa ibi tí wọ́n gé e, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dún ṣáà lórí irin gbígbóná.

"Ta ni ó gé ọmọ mi báyìí?"

"Alágbẹ̀dẹ kan ni, Ìyá."

"N kò bèèrè ẹni tí ó di ayùn mú."

Ó wò mí pẹ́, lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀. "Kò lè gùn mọ́. Ṣùgbọ́n ó lè yè. Ẹni tí ó bà á jẹ́ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe, bí a ti ń ṣe é níbí nìyẹn." Ó fún mi ní òjé kan tí ó tó ìka àtàǹpàkò, tí ó wúwo bí òkúta ọlọ, àti abẹ́rẹ́ irin kan. "Gbọ́ dáadáa. Fún ọ̀fun rẹ̀. Fún ẹ̀yìn rẹ̀ ní tìmùtìmù wíwúwo. Ó parí. Ó yé ọ?"

"Ó yé mi yékéyéké, Ìyá."

"Nínú àgbẹ̀dẹ mi, ẹni tí mo bá rán níṣẹ́ a máa sọ ọ́ padà fún mi kí ó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Sọ ohun tí o gbọ́."

Inú bí mi. Èmi Sílà tí ń ka ẹ̀kọ́ fún ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi? Kí n máa ka ọ̀rọ̀ padà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi? Mo ní, "Ìyá, mo ti gbọ́, mo ti gbọ́. Ọ̀nà jìn." Mo sì gbé ẹrù mi. Ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì, n kò bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́ jáde: fún ọ̀fun rẹ̀. Ẹ rí i bí ó ti dún? Lójú ọ̀nà ni mo ti ń rò ó pé, fún ọ̀fun rẹ̀ ní kí ni? Ó dá mi lójú pé arúgbó náà gbàgbé ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, mo sì bá a parí rẹ̀: fún ọ̀fun rẹ̀ láyè. Kí ni abẹ́rẹ́ tún wà fún, bí kò ṣe láti fi gbẹ́ ihò? Mo jókòó lábẹ́ igi kan, mo fi abẹ́rẹ́ náà yí ihò ọ̀fun ìbọn náà, mo yí i, mo yí i títí ó fi fẹ̀. Mo fi òjé náà sí ẹ̀yìn tìmùtìmù bí ó ti wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọgbọ́n tí ó fún mi.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, gbogbo Àṣeparí pé jọ. Níran ṣì ń kọrin. Nígbà tí ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀!" Gbólóhùn tí mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Mo yìn. Tó! Ó gbá mi léjìká bí ìtàpá màlúù. Tó! Apá mi kú. Kẹ́.

Igbe tí wọ́n ké lọ́jọ́ náà ṣì wà ní etí mi. Ọba dìde, ó na ìka méjì sí ẹnu Níran, ó sì fa ohùn rẹ̀ jáde bí ìyá àgbà ti ń fa òwú. Ó funfun, ó ń gbọ̀n. Ọba ká a mọ́ igi kan, ó gbé e kọ́ ara ògiri, ẹsẹ orin tí Níran kò tíì parí sì ń dún lórí igi náà fúnra rẹ̀ títí ó fi dé Àmín.

Ọba ní, "Ìgbà kejì, kí oòrùn tó kúrò lórí ilé yìí."

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Níran. N kò lè wo ojú rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un nínú ẹkún, ohun tí Ìyá Ẹwìrì wí àti bí mo ti ṣe é. "Níran, mo fún un láyè o! Ó ní kí n fún ọ̀fun rẹ̀, mo sì fún un láyè!"

Níran na ọwọ́, ó sì di ọ̀fun mi mú. Mo rò pé ó fẹ́ pa mí ni, mo sì di ojú, nítorí pé ó tọ́ sí mi. Kò pa mí. Ìka méjì ni ó fi fún ọ̀fun mi, díẹ̀, bí a ti ń fún ọsàn wò bóyá ó rọ̀, títí èémí mi fi ń wọlé tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ó tú mi sílẹ̀, ó sì nàka sí ìbọn.

Fún! Ọlọ́run mi. Kì í ṣe kí n fún un ní nǹkan. Kí n fún un ni, kí ọ̀nà èémí lè há, kí ó má baà gba jù. Arúgbó náà kò gbàgbé nǹkan kan. Ká ní mo sọ ọ́ padà fún un bí ó ti yé mi ni, ì bá ti gbọ́ àṣìṣe náà lẹ́nu mi kí n tó gbé ẹsẹ̀. Ẹni tí mo sọ di odi ni ó wá ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi.

Ihò náà ti fẹ̀ jù báyìí, ṣùgbọ́n mo ki abẹ́rẹ́ náà sí i, mo fi wáyà dè é mọ́ ibẹ̀ kí ihò náà lè dín kù. Níran bá mi di ìbọn mú. Mo dìde. Tó! Ó gbà á ní pẹ̀lẹ́. Tó! Tó! Mo gbọ́ ahọ́n irin náà tí ó lọ, tí ó fara ti òjé, tí ó rọra padà bí ẹni tí ó jókòó sórí àga rírọ̀ tí ó tún dìde. Tó! Tó! Tó! N kò mí. Tó!

Méje.

Bí mo bá dákẹ́ síbẹ̀, akin ni mí lójú yín. Ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń dákẹ́, tí n ó fi ẹranko kan rọ́pò ìdájọ́ ọba yẹn, tí n ó fi èékánná ẹranko náà sí ọ̀fun Níran. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán níbẹ̀.

Ọba ní, "A ti gbọ́ méje. Ọkùnrin yìí lè máa lọ. Ṣùgbọ́n ohùn tí mo gbà, ìtanràn ẹni tí ó ni ìbọn ni. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ni ín, kí ẹni náà sọ ọ́ níhìn-ín. N ó dá ohùn padà fún aláìṣẹ̀, n ó sì gba ti ẹni náà dípò rẹ̀. Mo bi yín lẹ́ẹ̀kan sí i: ta ni ó ni ìbọn náà?"

Ó yí etí méjèèjì sí mi. Ó dájú pé ó mọ̀. Ó ń dúró kí n parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀ ni.

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo ro ohùn mi. Mo ro bí n ó ti dé ilé láìlè sọ ìtàn ibi tí mo lọ. Mo wo ilẹ̀. N kò purọ́ lẹ́ẹ̀kejì, rárá; mo kàn dákẹ́ ni. Níran dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ohùn rẹ̀ lára ògiri. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó fà mí lápá pé kí a máa lọ.

Níran mọ̀wé jù mí lọ. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yìí, ó lè kọ ọ́ sórí ìwé kí ó fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò kọ ọ́. Ó ń wá jókòó níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi kí n lè máa fi ohùn mi jayé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo parí rẹ̀ lánàá. Ẹ rántí pé Láṣebìkan mú ìwé oyè náà, ó ká a, ó fi sápò. Dọ́kásì, ìyàwó mi, ni ó dìde. Ó lọ dúró níwájú àbúrò rẹ̀.

"Níran, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Níran mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"O sì fi pamọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí wá?"

Ó tún mi orí, ó sì fi ọwọ́ bo ojú. Dọ́kásì wá yí sí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, "ẹ̀yin" ni ó ń pè mí, àní nígbà tí inú bá ń bí i. Lánàá, ó ní:

"Ìwọ. Ìwọ Sílà. Ọmọ márùn-ún ni mo bí fún ọ. Orin wo ni àbúrò mi kọ ní ìsọmọlórúkọ wọn?"

Mo ní, "Dọ́kásì, n ó padà lọ síbẹ̀. N ó sọ ọ́ níwájú ọba náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yìí, tí ara mi bá..."

"Ọ̀nà igbó náà ṣì wà níbi tí o fi í sí," ni ó wí. "Ọ̀la ni."

Níran ń fi ọwọ́ sọ pé rárá, rárá. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Láṣebìkan, ó kọ ọ́ sí i pé: *Ẹ̀gbọ́n, mo ti dàgbà. Kí ni mo tún fẹ́ fi ohùn ṣe?* Dọ́kásì ka ìwé náà, ó ya á sí méjì. Ó ní, "O máa fi bá mi sọ̀rọ̀."

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí kí oòrùn tó mú. Olùkọ́ ìjọ yóò bá mi tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí ilé ìsìn. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Mo ti gbàdúrà, n kò sì bẹ Ọlọ́run pé kí ó yẹ̀ ẹ́ lórí mi. N kò gbé ìbọn kankan dání. Mo ń wò láti ojú fèrèsé báyìí: Dọ́kásì ti di iṣu sísè sínú ewé, Níran sì ti wọ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá rí wa tí a ń bọ̀, ẹ má bi mí ní nǹkan kan. Ibi tí agbára ẹnu mi mọ nìyí. Èyí tí ó kù nínú ìtàn yìí, lẹ́nu Níran ni ẹ ó ti gbọ́ ọ.